Òkun Pẹ̀lú Ń Fẹ́ Ìsinmi

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ọmọ Ìjọ ní Ìbàdàn, lórí ẹja òkun àti oúnjẹ aráyé



 Nígbà tí a kéde pé ọ̀rọ̀ òkun ni èmi yóò sọ, mo gbọ́ pé àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n sì wí pé, "Kí ni ó kan ará Ìbàdàn nínú ọ̀rọ̀ òkun? Àwa kì í ṣe ará Èkó, bẹ́ẹ̀ ni a kì í ṣe Ìlàjẹ. Orí òkè ni a tẹ ìlú tiwa dó sí." Òótọ́ ni wọ́n sọ. Láti nǹkan bí ọdún 1829 tí àwọn jagunjagun ti tẹ̀dó sí ìhín, òkè àti igbó ni a fi ṣe ààbò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ni ó sì wà títí di òní tí kò tíì fi ojú kan òkun rí. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi rìn díẹ̀ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí a gba Bẹẹrẹ, kí a kọjá lábẹ́ òkè Mápó, kí a sì wọ Ọjà'ba ní òwúrọ̀. Ẹ wo àwọn ìyá tí wọ́n ń ta ẹja. Ẹ ó rí páálí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já, tí yìnyín ṣì wà lára ẹja inú rẹ̀: títùs, kóte, ṣáwá. Ẹ ó rí pàńlá, ẹ ó rí bọ́ńgà tí èéfín ti sọ di dúdú, ẹ ó sì rí edé tí wọ́n ń fi abọ́ wọ̀n. Ẹ padà gba Bẹyẹrúnkà ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn olóúnjẹ bá gbé ìkòkò kalẹ̀, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń bù sí orí àmàlà àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ti rẹ̀. Níbo ni ẹja wọ̀nyí ti wá? Wọn kò ti inú odò Ògùnpa wá, bẹ́ẹ̀ ni adágún Eléyelé kò lè bí wọn. Inú òkun ni wọ́n ti wá, òmíràn láti etí òkun tiwa, òmíràn láti òkun tí ó jìnnà réré sí wa. Nítorí náà ni mo ṣe wí pé etí òkun ni Ọjà'ba jókòó sí, bí a kò tilẹ̀ gbọ́ ariwo ìgbì níbẹ̀.

Ẹ sì mọ ẹni tí ń jẹ ẹja náà. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká ẹran màlúù a ra ẹja; ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká odidi ẹja a ra orí rẹ̀, a sì fi omi ọbẹ̀ náà bọ́ ọmọ mẹ́rin. Nígbà Ogun Abẹ́lé ilẹ̀ wa, láàárín ọdún 1967 sí 1970, tí àwọn ọmọdé ń kú nítorí àìrí oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà jẹ, àwọn ìjọ ilẹ̀ àríwá Yúróòpù fi ọkọ̀ òfurufú kó oúnjẹ wá ní òru, ẹja gbígbẹ láti Norway sì wà lára ìrànwọ́ tí ó dé. Ẹja òkun òkèèrè gba ẹ̀mí ọmọ ènìyàn là ní ilẹ̀ wa.

Nísinsìnyí, ẹ bi àwọn ìyá Ọjà'ba léèrè bí ọjà ti rí. Wọn yóò sọ fún yín pé ẹja tí a ń gé sí méjì ní ìgbà kan rí, a ń gé e sí mẹ́rin báyìí. Kì í ṣe òkun nìkan ni ó fa èyí. Owó náírà wa tí ó rẹlẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, owó epo ọkọ̀ sì ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n òkun ní ìpín tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà, ìpín yìí ni a kì í sì í gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ní orí òkè wa yìí. Ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Mo wá sọ pé òkun tí a bá jẹ́ kí ó sinmi yóò bọ́ ènìyàn ju èyí tí a kò jẹ́ kí ó mí lọ. Àti pé ẹni tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣíwọ́ kì í ṣe tálákà inú ọkọ̀ àjẹ̀, bí kò ṣe ọlọ́rọ̀ inú ọkọ̀ irin.

1. Bí ọ̀pọ̀ ti ń di àìtó

Àwọn baba ńlá aráyé rò pé òkun kò lè tán. Ta ni ó lè fi ife gbọ́n òkun gbẹ? Ní ọdún 1497, atukọ̀ kan tí à ń pè ní John Cabot dé etí òkun Newfoundland, tí ó wà ní ilẹ̀ Kánádà nísinsìnyí. Ẹja kan tí àwọn Òyìnbó ń pè ní cod ni ó kún ibẹ̀ bámúbámú. Ẹja yìí náà ni wọ́n ń sá sí afẹ́fẹ́ òtútù ní Norway, tí ó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní líle bí igi. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, àwọn ènìyàn ń fi ìwọ̀ àti àwọ̀n kékeré pa á, agbo rẹ̀ kò sì tán, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn kúrú, ibú sì jìn.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni ọwọ́ ènìyàn gùn. Àwọn ọkọ̀ irin ńláńlá dé, tí wọ́n ń wọ́ àwọ̀n ní ìsàlẹ̀ òkun, tí wọ́n ní ẹ̀rọ tí ń fi ibi tí ẹja wà hàn, tí wọ́n sì ní ilé yìnyín nínú. Wọn kò ní láti padà sí èbúté títí inú ọkọ̀ yóò fi kún. Ní ọdún 1968, ohun tí wọ́n kó jáde ní òkun ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 800,000 tọ́ọ̀nù. Gbogbo ènìyàn yọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ pé wọ́n ti ń jẹ ẹja náà tìyá-tọmọ. Ní 2 July 1992, ìjọba Kánádà ti òkun náà pa nítorí pé kò sí ẹja mọ́, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn tí ó tó 30,000 ní òòjọ́ kan. Wọ́n rò pé ọdún méjì péré ni yóò gbà. Ọdún 2024 ni ìjọba tó ṣí i padà fún òwò, ìwọ̀n tí wọ́n sì fi àyè gbà kò ju 18,000 tọ́ọ̀nù lọ. Ẹni tí a bí ní ọdún tí a ti òkun náà pa ti pé ọmọ ọdún 32 kí ó tó ṣí padà.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ní oko ní ẹ̀yìn odi, ẹ̀kọ́ yìí kò ṣe àjèjì sí yín. Bí ìyàn bá mú, tí àgbẹ̀ sì kó èbù iṣu rẹ̀ sínú ìkòkò, yóò jẹ àjẹyó ní ọjọ́ náà. Kí ni yóò gbìn nígbà tí òjò bá rọ̀? Èbù ni àwọn ará Newfoundland sè jẹ.

Ẹ má sì ṣe rò pé ibì kan ṣoṣo ni èyí ti ṣẹlẹ̀. Àjọ Àgbáyé tí ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, tí à ń pè ní FAO, a máa ka agbo ẹja òkun gbogbo ayé. Ní ọdún 1974, nínú gbogbo 100 agbo tí wọ́n yẹ̀ wò, nǹkan bí 10 ni a ń pa ju bí wọ́n ti ń bí lọ. Ní ọdún 2021, iye náà ti sún mọ́ 38. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnu tí ń jẹun ń pọ̀ sí i ní gbogbo ayé.

2. Òkun tiwa

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ẹnu ọ̀nà tiwa. Ní etí òkun láti Côte d'Ivoire dé Ghana, títí dé Tógò àti Benin, Ọlọ́run fi ìṣúra kan pamọ́. Láti oṣù July dé September, omi tútù a máa rú sókè láti ìsàlẹ̀ ibú, a sì máa gbé ọ̀rá ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun wá sí ojú oòrùn, gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀ ti ń kó ààtàn sí oko. Ohun wíwẹ́wẹ́ tí ó wà nínú omi a hù, ṣáwá a sì wá jẹ ẹ́ ní ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Ní òkè lọ́hùn-ún, ní etí òkun Senegal àti Mauritania, ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣáwá kò mọ ààlà orílẹ̀-èdè. A bí i ní òkun kan, a sì jẹun ní òkun ẹlòmíràn. Nítorí náà, bí ìlú kan bá ṣọ́ tirẹ̀ tí ìkejì sì ń pa á run, asán ni ìṣọ́ náà.

Ohun mẹ́ta ni ó ń ba ìṣúra yìí jẹ́. Èkíní ni àwọn ọkọ̀ irin tí ń wọ́ àwọ̀n. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àwọn àjèjì, òmíràn sì ń fi orúkọ ọmọ onílẹ̀ bojú. Òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1992 lórí ẹja òkun wí pé kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ má ṣe pẹja láàárín máìlì 5 ti ojú òkun sí ilẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni oko àwọn apẹja kékeré. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n òfin tí kò ní ọkọ̀ ìṣọ́ dàbí ajá tí kò ní eyín. Ẹ bi àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n ń pẹja kiri etí òkun wọ̀nyí léèrè. Ẹ ó gbọ́ nípa àwọ̀n tí ọkọ̀ ńlá gbé lọ ní òru, nígbà tí olówó rẹ̀ ń sùn.

Èkejì ni ìwà kan tí wọ́n ń pè ní sáíkò ní ilẹ̀ Ghana. Ọkọ̀ ńlá tí a fún ní ìwé àṣẹ láti pa ẹja ìsàlẹ̀ òkun yóò kó ẹja wẹ́wẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, yóò sọ ọ́ di yìnyín, yóò sì tà á lórí omi fún ọkọ̀ kékeré tí yóò gbé e wọ ìlú. Àwọn tí wọ́n ṣe ìwádìí rẹ̀ ṣírò pé ohun tí ó gba ọ̀nà yìí wọ ilẹ̀ Ghana ní ọdún 2017 nìkan tó 100,000 tọ́ọ̀nù. Ẹja tí ó jẹ́ ti apẹja tálákà ni a jí, òun náà ni a sì tún tà padà fún un.

Ẹ̀kẹta, àwọn apẹja kékeré pàápàá kò mọ́ tónítóní. Nígbà tí ẹja bá wọ́n, òmíràn a fi àwọ̀n ojú wẹ́wẹ́ kó àwọn ọmọ ẹja. Òmíràn a tan iná sí ojú omi ní òru láti tan ẹja jẹ. Òmíràn tilẹ̀ ń ju ohun abúgbàù sínú omi. Ebi ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ebi kì í sọ èbù di ohun jíjẹ.

3. Ẹja tí a sọ di ìyẹ̀fun

Ẹnìkan lè wí pé, "Bí òkun bá ń tán, a ní adágún. A ń sin àrọ̀ ní Ìbàdàn." Ọ̀rọ̀ yìí ní láárí, mo sì yin àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n gbẹ́ adágún dípò kí wọ́n máa wá iṣẹ́ kiri. Orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tí ń sin ẹja jù ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní gbogbo ayé pẹ̀lú, ní ọdún 2022, ẹja àti àwọn ẹran omi mìíràn tí a sìn kọjá èyí tí a pa nínú omi ọlọ́run fún ìgbà àkọ́kọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan: kí ni àrọ̀ ń jẹ? Nínú oúnjẹ rẹ̀ tí a ń rà ní àpò, àgbàdo wà níbẹ̀, ẹ̀wà sóyà wà níbẹ̀, ìyẹ̀fun ẹja òkun sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn baba wa ti máa ń wí pé bí ẹja kò bá jẹ ẹja, kì í tóbi. Kí a tó rí ìyẹ̀fun ẹja kílò kan, a ó lọ ẹja tútù bíi kílò mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Níbo ni ẹja tí wọ́n ń lọ̀ náà ti ń wá? Ní Mauritania, ní Senegal àti ní Gámbíà, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ tí ń lọ ṣáwá. Ìyẹ̀fun àti òróró rẹ̀ ń lọ sí òkèèrè, láti bọ́ ẹja tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń sìn ní Yúróòpù àti ní Éṣíà, àti láti bọ́ ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ Greenpeace àti ẹgbẹ́ kejì rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde, wọ́n sì ṣírò pé ẹja tí a ń lọ̀ báyìí ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lọ́dọọdún ju ìdajì mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù lọ, ó sì tó láti bọ́ ènìyàn mílíọ̀nù 33. Ẹ̀yin ará, ṣáwá kì í ṣe oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ó jẹ́ oúnjẹ tí ìyá kan ní etí òkun ìbá yan lórí èéfín, tí ì bá rin ìrìn àjò dé àárín ilẹ̀, tí ì bá wà nínú ọbẹ̀ ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ bá san owó tí ó ju ti ìyá náà lọ, iná ààrò rẹ̀ a kú.

Nítorí náà, adágún kò gbà wá lọ́wọ́ òkun. Bí a bá ń fi ẹja tálákà bọ́ ẹja olówó, a kò fi oúnjẹ kún oúnjẹ. A kàn gbé e láti inú àwo kan sínú àwo mìíràn ni, ó sì ń dà nù lójú ọ̀nà. Adágún tí ó dára ni èyí tí ń fi ohun tí ènìyàn kì í jẹ bọ́ ẹja: èérún iṣẹ́ oko, àkàrà èkùrọ́ tí a ti fún òróró rẹ̀, àti ìdin tí a sìn lórí ìdọ̀tí ọjà. Ẹ̀wà sóyà pàápàá sàn ju ṣáwá lọ níbẹ̀, nítorí pé a lè gbìn ín lọ́dún tí ń bọ̀.

4. Ìwòsàn òkun

Kí n tó mú yín sọ ìrètí nù, ẹ gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Òkun kò dàbí ilẹ̀ tí ọ̀gbàrá ti wọ́ lọ. Bí a bá fi ẹja sílẹ̀, ẹja ń padà. Ní òkun tí ó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Norway, ẹja kan ń bẹ tí ó jẹ́ ìbátan ṣáwá, tí àwọn Òyìnbó ń pè ní herring. Wọ́n pa á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ run. Ní ọdún 1977 wọ́n ti òkun náà pa fún un. Nígbà tí ó fi di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, agbo rẹ̀ ti gbèrú tó bẹ́ẹ̀ tí a fi tún ṣí i. Ẹja cod ti Newfoundland pẹ́ púpọ̀ nítorí pé wọ́n dúró títí ilé fi jó tán kí wọ́n tó pọn omi. Ti herring kò pẹ́ nítorí pé wọ́n tètè ṣíwọ́.

Ní ọdún 2016, àwọn amòye kan ṣe ìṣirò lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ agbo ẹja káàkiri ayé. Wọ́n rí i pé bí a bá fi òye ṣe é, púpọ̀ nínú àwọn agbo tí ó ti rù yóò sanra padà láàárín ọdún mẹ́wàá, àti pé ayé lè máa rí mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù ẹja lọ́dọọdún ní àfikún sí èyí tí a ń rí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: wọn kò wí pé kí aráyé má ṣe jẹ ẹja. Ohun tí wọ́n wí ni pé ẹni tí ó bá ṣíwọ́ díẹ̀ ní òní yóò jẹ púpọ̀ ní ọ̀la.

Òfin tí ń mú ìwòsàn yìí wá jẹ́ mẹ́ta, kò sì sí èyí tí ó ṣòro láti yé ọmọ Sọ́ńdè-Sukúù. Èkíní, kí a díwọ̀n ohun tí a ó pa, kí a sì dúró lórí ìwọ̀n náà. Èkejì, kí a dá ibi tí ẹja ń yé sí àti ibi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń dàgbà sí: ọ̀sà, ẹnu odò, àti àwọn igi etí omi tí gbòǹgbò wọn rì sínú ẹrẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe pa ohun tí a kò wá. Kí ojú àwọ̀n fẹ̀ tó kí ọmọ ẹja lè jáde.

Ẹ má fi ojú kékeré wo ìyá ẹja. Àwọn amòye fi hàn pé abo cod kan ṣoṣo tí ó wọn kílò 30 ń yé ẹyin ju abo kékeré 28 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọn kílò 2 lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ìwọ̀n àwọn 28 náà pọ̀ tó kílò 56. Nítorí náà, ẹni tí ó pa ìyá ńlá kan pa abúlé kan.

Ìjìnlẹ̀ yìí ha ṣe tuntun sí wa tí a ń ka Bíbélì bí? Nínú ìwé Deuteronomi, orí kejìlélógún, Ọlọ́run pàṣẹ fún Ísírẹ́lì pé bí wọ́n bá rí ìtẹ́ ẹyẹ lójú ọ̀nà, tí ìyá sì bà lé ẹyin tàbí lé àwọn ọmọ, kí wọ́n má ṣe kó ìyá pẹ̀lú ọmọ. Kí wọ́n jẹ́ kí ìyá lọ, kí ó lè dára fún wọn, kí ọjọ́ wọn sì lè pẹ́. Òfin kékeré ni, ṣùgbọ́n ìlérí ńlá ni a so mọ́ ọn. Nínú Lefitiku, orí kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, Ó pàṣẹ ìsinmi fún ilẹ̀ pàápàá ní ọdún keje. Àwọn baba wa tí wọn kò tíì gbọ́ òfin yìí mọ ìtumọ̀ rẹ̀: wọn a máa fi oko tí ó ti gbó sílẹ̀ kí igbó bò ó, kí agbára ilẹ̀ lè padà. Bí ilẹ̀ bá yẹ fún ìsinmi, èéṣe tí òkun kò fi yẹ fún un?

5. Ta ni yóò kọ́kọ́ sinmi?

Ìhín ni ọ̀rọ̀ ti le. Ìsinmi dùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹ lónìí láti inú ohun tí ó pa lánàá kò ní àká. Ní ọdún 2018, ìjọba Ghana fẹ́ ti òkun pa fún oṣù kan. Àwọn apẹja pariwo, wọ́n sì sún un síwájú. Ní ọdún 2019, láti 15 May dé 15 June, àwọn ọkọ̀ kékeré sinmi fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn kan yìn ín; àwọn mìíràn sunkún, wọ́n wí pé, "Àwa kọ́ ni a jẹ òkun tán. Èéṣe tí ẹ fi ń bá ẹni tí ó mú eku jà, tí ẹ sì ń wo ẹni tí ó mú màlúù níran?"

Mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí títí, mo sì gbà pé ẹjọ́ wọn tọ́ ní ìlàjì. Ó tọ́, nítorí pé kò sí òdodo nínú òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ aláìlágbára. Kí ọkọ̀ irin kọ́kọ́ kúrò. Kí a ti ilé iṣẹ́ tí ń lọ ẹja jíjẹ pa. Kí àwọn ìjọba ńlá ṣíwọ́ fífi owó ran àwọn ọkọ̀ tí ń ba òkun jẹ́ lọ́wọ́. Nǹkan ti ń yí padà níbẹ̀: ní September 2025, ìwé àdéhùn Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé tí ó de irú owó ìrànwọ́ bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àti ní ọdún 2025 kan náà, Ghana ṣe òfin tuntun tí ó sún ọkọ̀ ńlá kúrò ní máìlì 6 sí máìlì 12 sí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ wọn kò tọ́ ní ìlàjì kejì, nítorí pé ọmọ ẹja kò mọ̀ bóyá àwọ̀n olówó ni ó mú òun tàbí àwọ̀n tálákà. Nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá ti kúrò, kí ọkọ̀ kékeré pẹ̀lú sinmi ní ìgbà ìyé ẹyin, kí ìjọba àti ìjọ sì ràn wọ́n lọ́wọ́ ní oṣù náà. Ìdí nìyí tí a fi ní ọrẹ àánú. Kì í ṣe fún ẹni tí ilé rẹ̀ jó nìkan. Ó wà fún ẹni tí ó fi àwọ̀n rẹ̀ kọ́ sórí igi kí ọmọ ẹlòmíràn lè jẹun ní ọdún tí ń bọ̀.

6. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa

Kí ni àwa tí a wà ní orí òkè lè ṣe? A kò lè lé ọkọ̀ kankan kúrò ní òkun. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Èkíní, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ má ṣe ra ọmọ ẹja wẹ́wẹ́ tí kò tíì yé ẹyin rí, bí owó rẹ̀ tilẹ̀ wọ́lẹ̀. Ọjà ni ó ń pe àwọ̀n. Ohun tí kò bá tà, a kì í pa á lẹ́ẹ̀mejì. Èkejì, ẹ̀yin tí ẹ ń sin àrọ̀, ẹ bi ẹni tí ń ta oúnjẹ ẹja fún yín léèrè ohun tí ó wà nínú àpò, kí ẹ sì wá èyí tí kò jẹ òkun run. Ẹ̀kẹta, kí ẹnikẹ́ni má ṣe da ìdọ̀tí àti ọ̀rá sí odò Ògùnpa mọ́. Ẹ rántí 31 August 1980, nígbà tí odò náà kún àkúnya, tí ó sì gbé ilé àti ẹ̀mí lọ. Odò tí a fi ìdọ̀tí dí kò lè gba omi òjò, àti ohun tí odò bá sì gbé kọjá wa a máa sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀sà àti sí òkun, sí ibi tí ọmọ ẹja ti ń dàgbà. Ẹ̀kẹrin, láti ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ inú omi. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀wé, ẹ kọ ìwé sí àwọn aṣojú wa ní Àbújá, kí ẹ béèrè ohun tí a ń ṣe láti ṣọ́ máìlì 5 tí òfin dá sílẹ̀. Ará Ìbàdàn ni ó jẹ ẹja náà. Ará Ìbàdàn ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan parí. Gbogbo wa mọ ìtàn àwọn ẹgbẹ̀rún márùn-ún tí Olúwa wa bọ́ ní aginjù. A máa ń wàásù lórí ìṣù àkàrà márùn-ún náà lọ́pọ̀ ìgbà, a sì ń kọjá lára ẹja méjì náà. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: ọmọdékùnrin kan tí kì í ṣe ọlọ́rọ̀ ní ẹja nínú àpò rẹ̀ ní ọjọ́ náà, nítorí pé adágún Gálílì ṣì ní ẹja tí tálákà lè rà. Ohun tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ni Olúwa gbà, tí Ó sì sọ di púpọ̀. Nígbà tí gbogbo wọn sì yó tán, Ẹni tí ó lè dá oúnjẹ mìíràn ní ìṣẹ́jú kan kò jẹ́ kí èérún ṣòfò. Ó ní kí a ṣà wọ́n jọ, kí ohunkóhun má bàa ṣègbé.

Ẹ̀yin ará mi, iṣẹ́ ìyanu ti òkun ń lọ lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ẹyin ń di ọmọ, ọmọ sì ń di agbo, láìsí pé ẹnikẹ́ni nínú wa gbìn tàbí bomi rin ín. Ohun tí a béèrè lọ́wọ́ wa ni pé kí a má ṣe dí i lọ́wọ́, kí a má sì jẹ́ kí èérún rẹ̀ ṣègbé. Kí Ọlọ́run fún wa ní ìkóra-ẹni-níjàánu tí ó tó èyí, kí ọmọ tí a óò bí ní Ọjà'ba ní ogún ọdún sí i lè bá ẹja nínú ọbẹ̀ ìyá rẹ̀.